Bátìrì Katakata Kékeré: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti dẹ̀, ẹni tó fẹ́ la ebè àgbàdo ti dé oko kí ìrì tó gbẹ. Ó yí kọ́kọ́rọ́, katakata dá a lóhùn, "tà". Ó tún yí i, "tà-tà-tà", iná iwájú ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí ẹni tó ń tòògbé. Ohun tó kàn ni pé á pe ọlọ́kadà, á gbé bátìrì lé orí tàǹkì, ó di ọ̀nà ìlú láti lọ ra tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oko wa lọ́nà Ìsẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́, bátìrì kò ṣẹ̀. Nígbà kejì, bátìrì ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo pa á.

Katakata kékeré tí mo ní lọ́kàn ni àwọn Kubota, Yanmar àti Iseki tòkunbọ̀ tó ń ti Japan wọlé: ẹ́ńjìnnì díísù, agbára ẹṣin 20 sí 50, bátìrì ẹyọ kan tó jẹ́ fólítì 12. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń pa bátìrì wọn, nítorí òun ló máa darí bí a ṣe máa yan tuntun. Ìjókòó lásán ló ń pa á. Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń jáde lójoojúmọ́, ọtanétọ̀ rẹ̀ sì ń dá iná tí kíkísítátà bá mu padà. Katakata oko ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin láti oṣù kẹta dé oṣù kẹfà, á tún jáde díẹ̀ fún àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn ìyẹn ó lè wà lábẹ́ páànù títí òjò mìíràn á fi dé. Iná inú bátìrì tí a kò fọwọ́ kàn á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí ó tètè jò. Tó bá ti lọ sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ṣáájì rẹ̀, iyọ̀ funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ ara àwọn pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀. Iyọ̀ yìí bá pẹ́ níbẹ̀, ṣáájì kò ní lè tú u mọ́. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè ka 12.5 lójú mítà, kí ẹ sì ní kó yí ẹ́ńjìnnì, kó má lè gbé e.

Ẹ KỌ́KỌ́ WÁDÌÍ BÓYÁ BÁTÌRÌ NI

Ẹ má tíì mú owó jáde. Ẹ wá mítà, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ti tó. Ẹ jẹ́ kí katakata sùn mọ́jú láì ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fi mítà wọn orí méjèèjì tó wà lára bátìrì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù, láàárọ̀, nítorí bátìrì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lórí ṣájà máa ń purọ́ fún bíi wákàtí mélòó kan. 12.6 sí 12.8 túmọ̀ sí pé ó kún. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ìdajì. 12.0, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Èyí tí kò bá dé 11.8 ti gbẹ.

Kí ó gbẹ yàtọ̀ sí kí ó kú. Ẹ gbé e lọ fún riwáyà kí ó ṣáájì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ṣájà máa fún un: bátìrì 70 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀), áńpù 7, láti alẹ́ dé àárọ̀. Àwọn kan máa ń fi ṣájà ńlá sè é fún wákàtí kan kí oníbàárà lè tètè máa lọ. Ẹ má gbà fún wọn. Lẹ́yìn tó bá sinmi, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá kàn dúró sí nǹkan bí 10.5, ọ̀kan nínú ilé mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ti kú nìyẹn, torí ilé kọ̀ọ̀kan ń mú fólítì 2.1 wá. Kò sí ṣájà tó lè jí i.

Bó bá kún dáadáa, ìdánwò tó kàn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi mítà sórí bátìrì, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí kíkísítátà ṣe ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kí fólítì já wá sí ìsàlẹ̀ 9.6. Bó bá já sí 8 tàbí 7, bátìrì ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dúró sórí 12 tí kíkísítátà sì ń pariwo "tà" lásán, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ lọ wo ibòmíràn: tẹ́míná tó yẹ̀, ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó ti wọ àárín tẹ́míná àti orí bátìrì, síwíìṣì abẹ́ ìjókòó, síwíìṣì kílọ́ọ̀ṣì, àti ní pàtàkì, wáyà tó so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ ara katakata.

Wáyà yẹn ló fi mí ṣe ẹlẹ́yà nígbà àkọ́kọ́. Ìpata ti jẹ abẹ́ bóòtì rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà bò ó kí wọ́n tó tà á fún wa. Mo ra bátìrì tuntun, mo gbé e dé, "tà". Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ fi ẹnu dúdú mítà sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ fi ẹnu pupa sí irin ẹ́ńjìnnì gan-an níbi tí kò sí ọ̀dà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ka ju ìdajì fólítì kan lọ, iná kò rí ọ̀nà kọjá níbẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà fá a títí irin á fi dán, ẹ dì í padà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ẹ tún wọn orí bátìrì. 13.8 sí 14.5 ló yẹ kí ẹ rí. Bí kò bá kúrò lórí 12 àti díẹ̀, ẹ wo fáńbẹ́líìtì, lẹ́yìn náà ọtanétọ̀ tàbí dáínámò. Bó bá ju 15 lọ, yóò se omi bátìrì gbẹ, bátìrì tuntun tí ẹ bá sì gbé síbẹ̀ á tẹ̀lé èyí tó kú lọ. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa kan fẹ́ràn láti yọ tẹ́míná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti wò ó bóyá ọtanétọ̀ ń ṣáájì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dán an wò. Fólítì máa ń fò sókè lójijì, ó sì lè jó ọtanétọ̀ tó wà láàyè tẹ́lẹ̀. Mítà ń sọ ohun kan náà láìba nǹkan kan jẹ́.

LỌ́JÀ

Bó ti wá dájú pé bátìrì ti kú, ẹ gbé òkú rẹ̀ dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Àràròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó. Ó dára ju kí ẹ máa ṣàpèjúwe lẹ́nu lọ, wọ́n á sì yọ owó òjé inú rẹ̀ kúrò lára owó tuntun.

Bátìrì tí katakata Japan bá wọ̀lú pẹ̀lú rẹ̀ sábà máa ń ní àkọlé bíi 75D23L. Ẹ̀kọ́ kékeré wà nínú rẹ̀. 75 jẹ́ ìwọ̀n agbára lọ́nà tiwọn, kì í ṣe Ah, irú bátìrì yẹn kì í sì í sábà ju 65 Ah lọ. D sọ fífẹ̀ àti gíga: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 ní fífẹ̀, 20 ní gíga láìka orí. 23 ni gígùn ní sẹ̀ǹtímítà. D26 àti D31 gùn jù ú lọ. L tàbí R sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí rẹ̀ wà. Ẹ yí bátìrì kí orí méjèèjì súnmọ́ yín: tí pọ́sítíìfù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, L ni, tó bá wà lọ́wọ́ òsì, R ni. Ẹni tó bá ra R dípò L á dé oko, á rí i pé wáyà pọ́sítíìfù kò gùn dé ibi tó yẹ, ìdánwò ńlá sì ni láti kàn fi tẹ́míná sí èyí tó bá dé. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ń gbà láti jó ọtanétọ̀ báyẹn.

Àwọn tó kéré gan-an tó ń lo B24 ní wàhálà tiwọn: orí wọn lè tín-ín-rín tàbí kí ó nípọn. Bí ẹ bá rí S lẹ́yìn àkọlé, bíi 46B24LS, orí tó nípọn ni. Ẹ má fi páànù agolo há tẹ́míná tó gbòòrò jù. Ó máa ń yẹ̀ lórí ebè, ó sì máa ń ta iná.

Gíga ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Bátìrì Japan máa ń ní orí tó yọ sókè kọjá àpótí rẹ̀, ti Yúróòpù sì máa ń ní orí tó rì sínú. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, iwájú rédíétọ̀ ni bátìrì jókòó sí, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án lórí. Ẹnì kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa gbé bátìrì olórí gíga wọlé, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó gbéra. Nígbà tó bọ́ sínú kòtò kìíní, bọ́nẹ́ẹ̀tì kan pọ́sítíìfù, iná ta, rọ́bà wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọpẹ́ ni pé ó fa wáyà náà já kíákíá. Ẹ wọn àyè náà pẹ̀lú rúlà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti agbára, ọjà wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní "áńpù": "ẹ gba seventy-five amps". Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè yẹn, Ah ni, ìyẹn bí iná tó wà nípamọ́ ṣe pọ̀ tó. Èyí tí ẹ́ńjìnnì díísù nílò gan-an ni CCA, bí bátìrì ṣe lè ju agbára síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú òtútù ìwọ̀n Celsius 18 ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí fólítì má sì já wá sí ìsàlẹ̀ 7.2. Kò sí ọyẹ́ Ìsẹ́yìn tó mọ òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀nà láti fi bátìrì méjì tí Ah wọn dọ́gba wéra. Díísù nílò rẹ̀ ju bẹntiróòlù lọ nítorí ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ le, àwọn pọ́lọ́ọ̀gì hítà tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná sì ti mu iná tiwọn kí kíkísítátà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé katakata ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí kò bá sí ìwé, ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́ta yìí ń jẹ́ láàárín CCA 400 sí 650. Kò sí ewu nínú kí ẹ ra èyí tó lágbára díẹ̀ jù, bó bá ti wọ àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá lọ gbé 100 Ah sórí dáínámò kékeré kò bọ́gbọ́n mu: lọ́jọ́ tó bá gbẹ, ẹ ó ro ilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní tíì kún.

Bátìrì ínfátà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó. Pẹlẹbẹ rẹ̀ nípọn, ó ṣe fún kí iná máa jáde jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀, kì í ṣe fún ìkọlù kan ṣoṣo.

Olómi ni àbí aládìídé, èyí tí a kì í ṣí? Èmi ń ra olómi, èyí tó ní ìdérí mẹ́fà lórí, torí pé nínú ooru tiwa omi ń gbẹ, mo sì lè bu omi kún un, mo sì lè fi háídírómítà, èyí tó ń wọn bí ásíìdì ṣe le tó, wo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta, kí ó ra aládìídé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé olómi tí wọ́n tà láìtíì bu ásíìdì sí ni, wọ́n á bu ú níwájú yín. Ẹ dúró tì í fún bí ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n sì ṣáájì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn, omi bátìrì tí kò ní iyọ̀ kankan nìkan ló tún gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń bu ásíìdì lé e ní gbogbo ìgbà ló ń jẹ òjé inú rẹ̀ run.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi mítà sí i níwájú yín: tuntun tí kò bá dé 12.5 ti jókòó pẹ́ jù lórí pákó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo orí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá ojú sípánà ti há a rí, torí ọ̀pọ̀ àlòkù ni wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́. Ẹ gbé e wò. Nínú bátìrì méjì tí wọ́n kọ ohun kan náà sí, èyí tó wúwo ni òjé pọ̀ nínú rẹ̀.

PÍPÀÀRỌ̀ RẸ̀

Sípánà 10, 12 àti 13 sábà máa ń tó. Ẹ wá gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ irin sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fa sìgá nítòsí: atẹ́gùn tó ń jáde lára bátìrì tó ń ṣáájì ń gbiná bí ìbọn. Katakata gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí búrékì dúró, kí ohun ìtúlẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ẹ fi fóònù ya bí wáyà ṣe wà.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, ẹ ó sì fi aṣọ wé e sẹ́yìn kí ó má sún padà fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Gbogbo irin katakata ló so mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Bí sípánà yín bá ń tú pọ́sítíìfù tó sì fara kan irin mìíràn, iná á kọjá lára sípánà, á sì pọ́n bí ẹyín iná. Nígbà tí nẹ́gẹ́tíìfù bá ti kúrò, sípánà lè kan ohun tó bá wù ú. Kìkì àwọn arúgbó bíi Ferguson TE20, tí wọ́n ṣe láàárín 1946 sí 1956, ni pọ́sítíìfù wọn so mọ́ ara. Ti irú wọn, èyí tó so mọ́ irin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, kì í ṣe àmì tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ ń wò.

Tẹ́míná tó bá le, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ bu omi gbígbóná sí i. Lẹ́yìn tí pọ́sítíìfù bá ti kúrò, ẹ tú irin tó dì í mú, kí ẹ gbé bátìrì dúró gbọn-in, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bátìrì 70 Ah lè wọ̀n tó kílò 17 sí 20, ẹ̀yìn àgbà kò sì fẹ́ràn kí a na ọwọ́ jìnnà gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa rí i pé àwo tó jókòó sí ti jẹrà. Ẹ po kán-ún mọ́ omi, ẹ dà á síbẹ̀. Bó bá ń hó, ásíìdì ló ń kú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi ní hó mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sí i. Ẹ má jẹ́ kí omi kán-ún kán sínú bátìrì.

Ẹ gbé tuntun sí i kí ẹ tó so wáyà kankan, ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ díẹ̀ mọ́ orí méjèèjì, ẹ rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kí ẹ ṣí i padà. Bí amọ̀ bá tẹ́ débi pé kò nípọn tó ìka kan mọ́, bátìrì yẹn ga jù. Bó bá wọ̀, ẹ dì í mú dáadáa pẹ̀lú irin rẹ̀. Okùn ọ̀rá àti rọ́bà táyà kò tó: ìgbọ̀nrìrì ebè ń já pẹlẹbẹ inú bátìrì sílẹ̀ bó bá ti ń mì. Ẹ fá inú tẹ́míná kí ó dán. Pọ́sítíìfù ni ẹ ó kọ́kọ́ so báyìí, nẹ́gẹ́tíìfù kẹ́yìn. Òjé rọ̀, ẹ há a mọ́ títí ọwọ́ kò fi ní lè yí i, kí ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi gírísì tàbí Vaseline pa á lókè, kì í ṣe láàárín.

Ẹ tún padà wọn fólítì bí mo ṣe wí lókè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ àti nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọjọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó mọ ohun tó ti yí padà.

Ẹ má da ásíìdì òkú bátìrì sílẹ̀, ní pàtàkì nítòsí kànga, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ṣa irin já a nínú àgbàlá. Òjé máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa jọ́ńpà, ìyẹn fífi wáyà yá iná lára bátìrì ọkọ̀ mìíràn. Bí katakata bá kọ̀ láti jí, típà tó ń gbé iyanrìn kọjá lè dà bí ọlọ́run. Ẹ má dá a dúró. Ọ̀pọ̀ típà jẹ́ fólítì 24, katakata yín jẹ́ 12. Ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí pikáàpù ni kí ẹ wá. Pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù ọkọ̀ tó ń ràn yín lọ́wọ́, kí ẹnu kẹrin wá lọ sí irin ẹ́ńjìnnì katakata, jìnnà sí bátìrì, nítorí ibẹ̀ ni iná ti máa ń ta.

TÍ ỌYẸ́ BÁ TI DÉ

Ohun tí mo ṣe tí mo fi pa bátìrì kejì ni pé n kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé katakata sábẹ́ páànù lóṣù kọkànlá, mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù kẹta. Láàárín ìyẹn, rédíò kékeré kan tí ọmọ wa so mọ́ ọn ń mu iná ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nísinsìnyí, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tán, a ó bu omi kún bátìrì dé ojú ìlà, a ó ṣáájì rẹ̀ kún, a ó sì tú nẹ́gẹ́tíìfù. Lẹ́yìn náà a máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ti lọ sí 12.4, ó padà sórí ṣájà. Ibi tí kò sí iná NEPA, páànẹ́lì sólà wáàtì 10 tàbí 20 pẹ̀lú kóńtírólà rẹ̀ ti tó láti mú un dúró. Láìsí kóńtírólà, ẹ má so ó tààrà, òòrùn oṣù kejì á se omi rẹ̀ gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọlé, kó gbé e sí yàrá irinṣẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe yàrá ìsùn. Wọ́n á sọ fún yín pé bátìrì tó bá sùn lórí sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ á fa iná rẹ̀ gbẹ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àwọn bátìrì tí àpótí wọn jẹ́ igi. Ti ọ̀rá òde òní kò ní irú ìṣòro yẹn. Tèmi ti lo ọ̀gbẹlẹ̀ mẹ́ta lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ajílẹ̀, ó sì ka 12.6 láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbé e jáde lọ́dún yìí.